Ẹ́ńjìnnì Hilux 22R nínú Peugeot 504 mi: kí ni mo máa ṣe sí AC rẹ̀?

OníÀdìrẹ504

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n lọ tà á.

Peugeot 504 wágọ̀n ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Àdìrẹ ni mo fi ń kó láti Òṣogbo lọ sí Ìbàdàn, ọ̀nà Ìwó ni mo máa ń gbà. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá ti kú, mẹ́káníìkì mi sì ti gbé ti Hilux sí i, 22R oníkábúrétọ̀, òun pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ó ń fà, mo gba kádàrá lórí epo. Ìyẹn ti parí.

AC ló kù. Ooru nìkan kọ́ ni mò ń sá fún. Bí mo bá ṣí wíńdò, eruku ọ̀nà á wọlé bà lé ẹrù. Oníbàárà tó bá na aṣọ rẹ, tí eruku sì bú jáde lójú ẹ̀, iye tó máa dá á ti yàtọ̀ nìyẹn. Bí mo bá sì ti wíńdò pa nínú oṣù Kẹta, mo di ẹ̀pà inú ìkòkò.

Ohun tó wà nílẹ̀: kọ̀ńdẹ́ńsà àtijọ́ ṣì wà níwájú rédíétọ̀. Evaporator, ibi tí atẹ́gùn ti ń tutù, wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fáàn inú ilé ṣì ń fẹ́ dáadáa. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó wà lára ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wà nínú àpò sìmẹ́ńtì. Ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń yí sí i. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti tutù kẹ́yìn.

Ọ̀gá AC kan ládùúgbò wa ní kò le rárá. Ó ní òun á fi áńgù áyọ̀nù so kọ̀mpírẹ́sọ̀ inú àpò yẹn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, òun á rọ gáàsì sí i, ó parí. Owó tó dá ò wọ́n rárá, òun gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Kí ni mo lè lò lára àwọn nǹkan àtijọ́ yìí? Kí ni kí n sọ nù? Ṣé 22R á lè gbé e, àbí rédíétọ̀ á máa hó? Gáàsì wo ló bá a mu?

Àkànní_Stadium

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká má sọ pé kí ẹ tà á, torí náà mi ò sọ nǹkan kan. Corolla kan ni mo kàn ń wò níwájú Stadium níbí, tí AC rẹ̀ ń tutù wọnini.

BàbáAtútù

Àkànní, o ò ní pa wá o.

Oníàdìrẹ, ẹ kú ìnáwó. AC ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, ìgbà tí R12, gáàsì AC àtijọ́, ṣì pọ̀ nílẹ̀ ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti orí áńgù áyọ̀nù yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ bí mi nínú.

Ẹ́ńjìnnì kì í dúró sójú kan. Orí ẹ́ńjìnnì síìtì ló jókòó, rọ́bà sì ni. Ẹ tẹ ásílétọ̀ lójijì kí ẹ wo bó ṣe máa gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí kò bá dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì gírígírí kò lè bá a rìn, bẹ́ẹ̀tì á máa fò tàbí kó máa jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Áńgù áyọ̀nù lásán á sì tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí bẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń fà á. Ẹ ò ní rí i pé ó tẹ̀, ariwo lẹ máa gbọ́. Iṣẹ́ AC nínú ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìdajì ẹ̀ wà lórí bíráketì àti púlè, ìdajì tó kù wà lórí kọ̀ńdẹ́ńsà àti atẹ́gùn tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Gáàsì rírọ ni ìparí, kì í sì í gba wákàtí méjì. Ọ̀gá tó bá ti gáàsì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún yín, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ inú àpò sìmẹ́ńtì, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Peugeot yẹn dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, dígírì 45, gbogbo ẹni tó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 rí ló mọ̀. 22R dúró ní tirẹ̀. Bíráketì ẹni tó dùbúlẹ̀ kò lè bá ẹni tó dúró mu. Yàtọ̀ síyẹn, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí kò yí láti ọdún pípẹ́, sílì ẹnu ṣáfútì rẹ̀ á ti gbẹ. Ọjọ́ tó bá tún yí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ti 22R gan-an ni kí ẹ wá. Hilux tó bá AC wá láti ilé ní bíráketì tirẹ̀, ó ní púlè kékeré tí wọ́n fi ń fa bẹ́ẹ̀tì le, púlè kíráǹkì rẹ̀ sì ní ojú kan lé sí i fún bẹ́ẹ̀tì AC. Èyí tí kò bá AC wá kò ní ojú yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó gbéra lọ sí Gáàtì n'Ìbàdàn, ẹ wo púlè tó wà lára ẹ́ńjìnnì yín kí ẹ ka ojú rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bẹ́líjíọ̀mù, ẹ má rà á lẹ́yọ-lẹ́yọ káàkiri ìsọ̀. Ara ẹ́ńjìnnì kan náà ni kí wọ́n ti tú bíráketì, púlè, kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti bóòtì fún yín. Mo tún un sọ, àti bóòtì. Bóòtì bíráketì kì í gùn bákan náà, èyí tó gùn jù tí wọ́n bá fi tipátipá yí sínú ihò kúkúrú lè la bílọ́ọ̀kù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ yí awo iwájú kílọ́ọ̀ṣì kọ̀mpírẹ́sọ̀, kì í ṣe púlè o, awo iwájú. Ó gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́ kó sì máa ta ko ọwọ́ díẹ̀. Tó bá ha, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láìta ko ọwọ́ rárá, inú rẹ̀ ti jẹ, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Bí ẹ ò bá rí èyí tó dáa, Sanden SD7H15 ni kí ẹ rà. Písítìn méje ló ní, 155 cc ló ń gbé nínú yíyí kan, wọ́n ń lò ó lára tirakitọ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù, kò ní í ka wágọ̀n sí nǹkan kan. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún tàbí òsì títí dé dígírì 90 kó lè gba àyè tó wà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀sì rẹ̀, ibi tí páìpù rọ́bà ń wọ̀, kò gbọdọ̀ dojú kọlẹ̀. Bíráketì rẹ̀ ni tọ́nà, ẹni tó ń fi lẹ́ẹ̀tì gé irin, máa ṣe. Ìyẹn kò sì yẹ kó ni yín lára. Ìlú tí ilé iṣẹ́ Machine Tools wà rèé, àwọn àgbà tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ṣì ń fi lẹ́ẹ̀tì jẹun nígboro. Irin mìlímítà 10 ni kí wọ́n lò. Bí tọ́nà bá ní mẹ́ta ti tó, ẹ lọ wá òmíràn.

Bí bíráketì bá ti dè tán, ẹ má tíì fi bẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ wá irin tó tọ́ gbọọrọ, rúlà irin ni mo máa ń lò, ẹ fi lé ojú púlè kíráǹkì kí orí rẹ̀ kejì kan ojú púlè kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba àárín irin àti púlè yọ síwájú, ibẹ̀ ló ti wọ́. Ẹ wò ó lókè, ẹ wò ó nísàlẹ̀, torí púlè lè wà lójú ìlà kó sì tún gbé orí sẹ́yìn. Tó bá ti ju mìlímítà 2 lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ tọ́nà. Bẹ́ẹ̀tì tó ń han láàárọ̀ kùtù, púlè tó wọ́ ló sábà máa ń fà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ ra á fún yín.

Ó kan gáàsì. Ẹnu oní-tẹ́rẹ́ẹ̀dì yẹn ti sọ pé R12 ni ọkọ̀ yín ń jẹ tẹ́lẹ̀, ti R134a, gáàsì tó rọ́pò rẹ̀, kì í ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì níta, wọ́n kàn ń tẹ kọ́pílà mọ́ ọn ni tó ń dún "tá". Àdéhùn Montreal ti 1987 ló lé R12 kúrò nílẹ̀ nítorí ozone, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa di 2010 kí wọ́n fi ṣíwọ́. Ẹni tó bá ní òun ní R12 lónìí, ẹ bi í pé níbo ló ti rí i. R134a lẹ máa lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ká kàn rọ ọ́ rọ́pò. Epo tó wà nínú AC R12, mineral oil ni, kì í bá R134a rìn. Á dúró sínú evaporator, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á sì máa yí láìlépo. Gbogbo epo àtijọ́ gbọ́dọ̀ jáde, kí ẹ fi epo PAG tàbí epo ester sí i. PAG máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, agolo tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ láti àná, ẹ má gbà á.

Ọ̀sì: sọ gbogbo rẹ̀ nù. R134a máa ń gba ara rọ́bà àtijọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sì tó ní nylon nínú, tí wọ́n ń pè ní barrier, ni kí ẹ rà. O-ring, òrùka rọ́bà ojú ìsopọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè ní HNBR, aláwọ̀ ewé ló pọ̀ jù nínú wọn. Dráyà, èyí tó ń fa omi inú gáàsì, tuntun ni, kí wọ́n kọ XH-7 tàbí XH-9 sí i, XH-5 ni ti R12.

Kọ̀ńdẹ́ńsà ni ibi tí owó yẹ kó lọ. R134a máa ń gbé prẹ́ṣọ̀ ga ju R12 lọ níbẹ̀, pàápàá bí ẹ bá dúró nínú gọ̀sílóò ní Ọlaìyá tí atẹ́gùn kò fẹ́. Kọ̀ńdẹ́ńsà ayé ọjọ́un, páìpù kan ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Ti ìsinsìnyí, parallel flow, gáàsì ń gba ọ̀pọ̀ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń tètè tú ooru dànù. Ẹ wọn iwájú rédíétọ̀, kí ẹ ra èyí tó tóbi jù tó lè wọlé. Ẹ fi fóòmù dí ẹ̀gbẹ́ òun àti rédíétọ̀, kí fáàn má máa fa atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ dípò kó gba àárín.

Evaporator yín ṣeé gbà là, bí kò bá jò. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi nitrogen dán an wò. Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀: atẹ́gùn fọ́kánáísà ní omi nínú, kò dáa fún un. Oxygen inú sílíńdà wẹ́dà sì lèyí tó burú jù. Oxygen tó bá pàdé epo kọ̀mpírẹ́sọ̀ pẹ̀lú prẹ́ṣọ̀ lè bú gbàù sí ènìyàn lójú. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ṣe é, mo gba ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀.

RẹwáyàDúgbẹ̀

Bàbá ti sọ tiwọn, ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un, torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń gbé e wá bí wáyà bá ti jó tán.

504 ní fáàn kan tó dáa, mágínẹ́ẹ̀tì ló máa ń gbé e nígbà tí omi bá gbóná, bí omi bá tutù á fi í sílẹ̀. Fáàn yẹn ti bá ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó wà lára 22R ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ni, bí ẹ bá dúró sójú kan, díẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹ fi fáàn oníná íǹṣì 14 kan síwájú kọ̀ńdẹ́ńsà, kó máa ti atẹ́gùn wọlé. Bí ẹ bá tan AC, kó tan.

Fáàn yẹn lè fa ampere 10 sí 15, kílọ́ọ̀ṣì kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń fa bíi 4. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìyẹn gba suwíìṣì dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá. Rílèè ni, suwíìṣì tí iná kékeré ń tan. Ẹsẹ̀ 30 láti bátìrì, fíúsì 20 láàárín wọn, kí fíúsì sún mọ́ bátìrì. Ẹsẹ̀ 87 lọ sí fáàn, 85 àti 86 ni ti suwíìṣì. Rílèè ọ̀tọ̀ fún kílọ́ọ̀ṣì. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ọ́táńétọ̀ 22R ni kí ẹ lò.

Kábúrétọ̀ ńkọ́? Ẹ ò bi wọ́n. 22R máa ń yí bíi 750 RPM bó bá dúró. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá mú, á wálẹ̀, á máa gbọ̀n, nígbà míì á kú. Èyí tó bá AC wá ní nǹkan roboto kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀, ọ̀sì fákúùmù ló wọ inú ẹ̀, òun ló ń ti apá kábúrétọ̀ díẹ̀ kó lè gun òkè tó 900 sí 1000 bí AC bá tàn. Idle-up ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbà á mọ́ ohun tí ẹ máa rà ní Gáàtì, òun àti fáàfù iná tó ń ṣí fákúùmù fún un. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé rẹ̀, tí wọ́n á wá máa bú ẹ́ńjìnnì pé kò lágbára.

Èyí tó kẹ́yìn, suwíìṣì prẹ́ṣọ̀. Ẹ ra trinary: bí gáàsì bá jò tán, á pa kílọ́ọ̀ṣì kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ má gbẹ, bí prẹ́ṣọ̀ bá ga jù, á pa á, ojú kẹta rẹ̀ sì lè tan fáàn. Bí wáyà wọn bá jó lẹ́yìn èyí, ẹ wá bá mi ní Dúgbẹ̀ ká jọ jà.

Jagun_Ìlọbùú

Gbogbo grammar yìí. Gáàsì ìdáná ni mo rọ sí tèmi, ó ń tutù ju R134a lọ, kò sì bá epo àtijọ́ jà. Ẹ má fi owó ṣòfò.

BàbáAtútù

Jagun, òótọ́ ni pé ó ń tutù, òótọ́ sì ni pé mineral oil ń bá a rìn. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n evaporator wà nínú ilé ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ. Bó bá jò síbẹ̀ pẹ̀lú wíńdò títì, tí ẹnì kan sì ṣáná sí sìgá, tàbí tí fáàn kàn ta páńpá lásán, o mọ ohun tó kù. Oníàdìrẹ ń kó aṣọ kún wágọ̀n, òwú ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá sì ta ọkọ̀ yẹn lọ́la, ọ̀gá AC tí kò mọ̀ á fi ẹnu géèjì bọ̀ ọ́ níbi tí wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́. Kọ ọ́ sára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán.

Gáàsì ayédèrú náà wà lọ́jà, ọ̀rọ̀ yẹn sì tóbi ju tiwa lọ. Ní 2011, kọ̀ntínà atutù bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, èèyàn kú. R40, gáàsì mìíràn, ni wọ́n fi lu R134a wọn, R40 sì máa ń bá aluminium ṣe nǹkan tó ń gbiná bó bá rí afẹ́fẹ́. Sílíńdà R134a sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ sánmà fẹ́ẹ́rẹ́, kílò 13.6, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò wọ́n, ẹni tó ń ṣe ayédèrú náà ní i. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á jẹ́ kí sílíńdà sùn nínú òjìji mọ́jú, mo á wá so géèjì mọ́ ọn. Ní dígírì 30, R134a gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 97 psi. Bó bá wà lókè 150, R22 inú AC ilé ni wọ́n rọ sí i, ẹ gbé e padà. Ìyẹn ò lè mú ọ̀gbójú olè tó po nǹkan pọ̀ kí prẹ́ṣọ̀ lè bára mu o. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá ni kí ẹ ti rà á.

OníÀdìrẹ504

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, ọpẹ́ yín kò lè tán. Rẹwáyà, mo ti rí nǹkan roboto yẹn, òun àti ọ̀sì rẹ̀.

Mo ti lọ sí Gáàtì. Mo rí odindi rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì kan: bíráketì, púlè kíráǹkì olójú mẹ́ta, púlè kékeré, bóòtì nínú ọ̀rá, kọ̀mpírẹ́sọ̀ Denso. Mo fọwọ́ yí awo iwájú rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, ó ń ta ko ọwọ́. Mẹ́káníìkì ti dè é, a fi rúlà irin wò ó, ìmọ́lẹ̀ kò gba ibì kankan.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Mo tú ọ̀sì àtijọ́, epo tó jáde dúdú, bí mo ṣe fi ìka méjì ra á, ó ń ha mí lọ́wọ́. Ìkejì, ẹnu ọ̀sì kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ẹ̀gbẹ́, àyè ìka méjì ló kù. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọ̀sì ní òun á fi kílíìpù dè é. Ìkẹta, epo wo ni mo máa rọ sínú Denso yìí?

BàbáAtútù

Ohun tó ń ha yín lọ́wọ́ yẹn, irin ni. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ àkọ́kọ́ ló jẹ ara rẹ̀ kó tó kú, tó tu ìdọ̀tí ká gbogbo páìpù. Inú yín ì bá dùn bí ẹ bá gbà kí ọkùnrin yẹn fi áńgù áyọ̀nù so ó, àbí? Kọ̀ńdẹ́ńsà àtijọ́ ti di ti ẹni tó ń ra irin. Ẹ̀spánṣọ̀n fáàfù, èyí tó ń tú gáàsì sínú evaporator, ẹ sọ òun náà nù, ihò rẹ̀ kéré, òun ni ìdọ̀tí máa kọ́kọ́ dí. Evaporator nìkan ni kí ẹ fi oògùn flush fọ̀, kí ẹ fi nitrogen fẹ́ ẹ gbẹ, ẹ tún un ṣe títí ohun tó ń jáde sórí aṣọ funfun á fi mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ pààrọ̀ òun náà. Ó dùn mí fún yín, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí díẹ̀ tó bá kù á pa Denso yẹn.

Ẹnu ọ̀sì: ẹ ní kí wọ́n wá orí tó yí dígírì 90, ó wà lọ́jà, kí ẹ yí i sókè tàbí sẹ́yìn kí ọ̀sì má ra ògiri. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì ń mì, àyè ìka méjì nígbà tó bá dúró lè di òfo nígbà tó bá ń fà. Kílíìpù kọ́ o, ẹ̀rọ crimp tó ń tẹ orí irin mọ́ ọ̀sì ni. Ẹ̀gbẹ́ tó ń gbóná lè kọjá 300 psi nínú gọ̀sílóò, kílíìpù rédíétọ̀ kò mọ̀ nípa ìyẹn.

Epo: ẹ wo ìwé kékeré tó wà lára Denso yẹn. Bó bá kọ ND-OIL 8, ti R134a ni, PAG 46 ló gbà. Bó bá kọ ND-OIL 6, ayé R12 ló ti wá, ọ̀pọ̀ 22R sì ti wá láti ayé yẹn. Ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n ẹ da epo inú rẹ̀ sínú ife, ẹ wọn iye tó jáde, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá mọ́, ẹ pààrọ̀ sílì ẹnu ṣáfútì àti O-ring rẹ̀ sí ti R134a, kí ẹ wá fi ester sí i. Bó bá dúdú tó ń dán bíi pé wọ́n po fàdákà mọ́ ọn, ẹ gbé e padà sí Gáàtì kí ẹ tó jókòó.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dè, fákúùmù ló kàn, kí ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó kéré tán ìṣẹ́jú 45. Àwọn ìwé òyìnbó máa ń ní kí géèjì lọ tó íǹṣì 29.9. Kò ní í dé ibẹ̀ l'Óṣogbo, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ọkọ̀ nítorí ẹ̀. Ìlú wa fi ọ̀ọ́dúnrún mítà àti díẹ̀ ga ju òkun lọ, tiwa máa dúró ní nǹkan bí 28.8. Ohun tí ẹ máa wò ni pé, bí wọ́n bá ti fáàfù géèjì pa tí wọ́n pa ẹ̀rọ, ṣé ọwọ́ géèjì dúró síbẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí? Bó bá ń padà, ó ń jò tàbí omi ṣì wà nínú ẹ̀.

Gáàsì, ìwọ̀n ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú. R134a kì í tó R12, ìdá 80 sí 85 nínú 100 ni. Bí R12 rẹ̀ bá jẹ́ kílò 1, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní gíráàmù 800. Àmọ́ kọ̀ńdẹ́ńsà yín ti yàtọ̀, torí náà ẹ rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì wà ní 1500 RPM, ilẹ̀kùn ṣíṣí, fáàn inú ilé lórí èyí tó ga jù. Nínú ooru dígírì 32, ẹ̀gbẹ́ tútù yẹ kó wà ní 35 sí 45 psi, ẹ̀gbẹ́ gbígbóná 200 sí 250. Bó bá ti kọjá 300 tí ẹ sì wà lójú kan, ẹ má tíì fi kún un, fáàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, inú ọkọ̀ á gbóná sí i ni, ìyẹn máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu.

RẹwáyàDúgbẹ̀

Bàbá, thermostat evaporator ńkọ́? Mo ti rí èyí tí wọ́n so kílọ́ọ̀ṣì tààrà.

BàbáAtútù

O ṣeun, ọmọ mi. Oníàdìrẹ, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó wọ àárín ìyẹ́ evaporator. Bó bá tutù dé ibi tí omi ti fẹ́ di yìnyín, á pa kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀, á tún tàn án. Bí wọ́n bá fò ó, á máa tutù dáadáa títí dé Ìwó. Lẹ́yìn ìyẹn, yìnyín á dí ìyẹ́ rẹ̀, fáàn á máa dún ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò ní jáde. Wọ́n á ní gáàsì ti jò, wọ́n á tún rọ òmíràn sí i. Ẹ ra tuntun, kò wọ́n.

OníÀdìrẹ504

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kékeré kan péré: nígbà tó ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un, omi máa ń kán sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó níwájú. Ṣé jíjò nìyẹn?

BàbáAtútù

Kì í ṣe jíjò. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń di ìrì sára evaporator. Ihò kan wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ tí omi yẹn yẹ kó gbà bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, eruku àti ewé ti dí i. Nígbà tí evaporator bá wà níta yìí náà ni kí ẹ ti wáyà bọ ihò yẹn, kí ẹ da ife omi kan sínú àpótí. Bí omi bá dé ilẹ̀, kí ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀.